Gíríìpù Ráífù: Ẹ Dojúbolẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Yàn Án

Táwọn tó fẹ́ kí ráífù wọn máa bá ibi kékeré lókèèrè bá jókòó sọ̀rọ̀, ọ̀pá ìbọn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí awò, wọ́n á dé orí ọta, tó bá wá kan tírígà ilẹ̀ lè ṣú bá wọn níbẹ̀. Gíríìpù, ìyẹn ibi tí ọwọ́ tó ń fa tírígà ti ń di ìbọn mú, ni wọn kì í dárúkọ. Èyí tó bá ìbọn wá láti ilé iṣẹ́ lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lọ, tó bá sì di pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, àwọ̀ tó bá ìdí ìbọn mu ni wọ́n ń wò. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí ibi tí ráífù ti ń kan ara wa ò pọ̀: èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ tó dì í mú. Gíríìpù ló gba gbogbo ọwọ́ yẹn, òun ló sì rọrùn jù láti pààrọ̀ nínú gbogbo nǹkan tó wà lára ìbọn, síbẹ̀ òun la máa ń rántí gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo ní sọ nípa ẹ̀ kò pọ̀. Gíríìpù tó dùn mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró lè máa ni yín lára tẹ́ ẹ bá dojúbolẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdojúbolẹ̀ lẹ ti máa yìn ín tó bá jẹ́ ráífù tẹ́ ẹ fẹ́ fi bá ibi kékeré ni. Torí náà ibi tẹ́ ẹ ti máa lò ó ni kẹ́ ẹ ti yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí sẹ́mì-ọ́tò ṣe yàtọ̀ ná. Ráífù tá a máa ń fọwọ́ fa irin ẹ̀ sẹ́yìn ká tó ti ọta míì wọlé, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín tán lọwọ́ yín ń kúrò lórí gíríìpù, á lọ gbé irin yẹn sókè, á fà á, á tì í padà, kó tó tún wá dìmú. Ọwọ́ ti sinmi díẹ̀ nìyẹn, ẹ sì ti ráyè tún un tò. Ti sẹ́mì-ọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìbọn yẹn ló ń ti ọta wọlé fúnra ẹ̀, ọwọ́ yín ò ní ìdí kankan láti kúrò níbi tó wà láti orí ọta àkọ́kọ́ títí magasíìnì á fi tán. Tí gíríìpù bá wá ń gún yín níbì kan, ọta àkọ́kọ́ ò ní sọ, ìkejì ò ní sọ, àmọ́ tó bá yá ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó tù ú fúnra ẹ̀, á sún sókè díẹ̀, á yí sápá kan díẹ̀, ẹ̀yin alára ò ní mọ̀, pátákó tẹ́ ẹ̀ ń yìn ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Kẹ́ni kankan má sì sọ pé ìyẹn kéré. Tẹ́ ẹ bá pín digíríì kan sí ọ̀nà 60, ìpín kan nínú ẹ̀ la ń pè ní MOA, ní mítà 100 kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 lọ, tó bá dé mítà 600 ó ti di sẹ̀ǹtímítà 17 àti ààbọ̀. Kí ọwọ́ fún gíríìpù ju bó ṣe fún un tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ó tó láti gbé ọta kúrò lójú ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ti irú ìbọn AR gan-an ni, ìyẹn àwọn ráífù sẹ́mì-ọ́tò tí wọ́n ṣe bíi AR-15: hámà ẹ̀ wúwo, ó sì ń rìn jìnnà kó tó lu irin tó ń tá ọta, torí náà àkókò tó wà láàárín kí tírígà já àti kí ọta gbiná gùn ju ti ọ̀pọ̀ ráífù tá a ń fọwọ́ fà lọ. Ìṣẹ́jú àáyá pín sí kékeré púpọ̀ ni, mo mọ̀, àmọ́ ohunkóhun tí ọwọ́ bá ń ṣe láàárín àkókò yẹn, ọta á gbé e dání lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe nǹkan kan bẹ́ ẹ ṣe ń kà á yìí. Ẹ ká ọwọ́ bíi pé ẹ di gíríìpù mú, kí ọrùn-ọwọ́ tọ́, kẹ́ ẹ wá máa fi ìka ìlábẹ̀ nìkan fa tírígà tí kò sí níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí wàhálà. Ó yá, ẹ tẹ ọrùn-ọwọ́ yẹn wọlé pátápátá sápá àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ṣé ẹ rí i? Ìka ti gan, kò fẹ́ ká mọ́, àwọn ìka yòókù náà fẹ́ máa tú. Ẹ tọ́ ọrùn-ọwọ́ padà, kẹ́ ẹ wá fún ọwọ́ yẹn pọ̀ gidigidi bíi pé ẹ fẹ́ fún omi jáde nínú aṣọ, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú láti fa ìka ìlábẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò ní lọ jẹ́jẹ́. Á máa lọ ní gàn-ùn gàn-ùn, tó bá sì lọ, ìka mẹ́ta ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ohun tó fà á ni pé ẹran tó ń fa ìka ò sí nínú ìka, inú apá ìsàlẹ̀ ìgúnpá ló wà. Iṣan mẹ́sàn-án ló ń gba inú ihò tóóró kan ní ọrùn-ọwọ́ kọjá lọ sínú àwọn ìka, àti ìṣan ìmọ̀lára kan tó há sáàárín wọn. Tí ọrùn-ọwọ́ bá tẹ̀, àwọn iṣan yẹn ń há, wọ́n ń ha ara wọn. Tí ìka àárín, èyí tó tẹ̀ lé e àti ọmọńdinrín bá sì ń fún nǹkan, ìka ìlábẹ̀ kì í lè dá ìṣẹ́ tiẹ̀ ṣe geere mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló lómìnira jù láàárín wọn. Gíríìpù tó dáa ni èyí tó jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ tọ́, tó sì kún àtẹ́lẹwọ́ débi pé ẹ ò ní láti fún un kó má baà yọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ, abẹ́ èyí ló wà.

Ìgun gíríìpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Eugene Stoner tó ń ya àwòrán ìbọn àti ilé iṣẹ́ ArmaLite ló gbé AR-10 jáde láàárín àwọn ọdún 1950, AR-15 wá tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ Colt sì ra ẹ̀tọ́ ẹ̀ ní 1959. Gíríìpù tó wà lórí ti ìgbà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní A1, tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dagun sẹ́yìn dáadáa. Nígbà tí M16A2, ráífù àwọn ológun Amẹ́ríkà, dé ní àwọn ọdún 1980 wọ́n fi ìkókó kan sí i lábẹ́ ibi tí ìka àárín ń wà, òun ni A2 tí ẹ ṣì ń rí lórí àìmọye ráífù títí dòní. Ẹni tó dúró, tó na ìdí ìbọn gígùn mọ́ èjìká, tó gbé ìgúnpá sókè, ìgun yẹn bá a mu, ọrùn-ọwọ́ ẹ̀ á tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dojúbolẹ̀ sẹ́yìn bípọ́dì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé iwájú ìbọn dúró, tí àpò iyanrìn wà lábẹ́ ìdí ìbọn, tí ìgúnpá ẹ̀ wà nílẹ̀ nítòsí ìhà, apá ẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ni, gíríìpù tó bá sì dagun sẹ́yìn jù á fipá tẹ ọrùn-ọwọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i pé gíríìpù ráífù ìdíje òde òní ń fẹ́ẹ̀ dúró gbọnrangandan. Lórí AR náà, gíríìpù K2 ti ilé iṣẹ́ Magpul àti Gunfighter ti ilé iṣẹ́ BCM dúró ju A2 lọ dáadáa, èmi sì gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá máa dojúbolẹ̀ yìn ráífù ẹ̀ níye ìgbà tó pọ̀, irú wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ dán wò.

Ìdí ìbọn náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ o, ìyẹn làwọn èèyàn kì í sọ. Tẹ́ ẹ bá fa ìdí ìbọn kúrú, ọwọ́ ń sún mọ́ àyà, ìgúnpá ń ká sí i, gíríìpù tó dagun á tún wá burú sí i. Tẹ́ ẹ bá fà á gùn, ara á tú díẹ̀. Torí náà ẹ má kánjú sọ pé gíríìpù ò dáa nígbà tó jẹ́ pé ìdí ìbọn lẹ ò tíì tò dé ibi tó yẹ, ẹ tò ó kí ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí ààyè wọn, kẹ́ ẹ wá padà sórí gíríìpù.

Èkejì ni bí ìka ṣe máa dé tírígà. Ìka ò dọ́gba, orí ọwọ́ kan náà pàápàá, ká má tíì wá sọ ti ọwọ́ ẹlòmíì. Ibi tí mo fẹ́ kí tírígà jókòó sí ni àárín ẹran ìpín àkọ́kọ́ ìka ìlábẹ̀, níbi tí ìlà ìka ti yí po bí òrùka, kí oríkèé kejì ṣẹ́ bí igun pátákó, kí ìpín tó ń fa tírígà lè máa bọ̀ tààrà sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tí ìka ẹ̀ bá wọlé jù, ó máa ń fa ìbọn sápá ọ̀tún, tó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló kàn án, ó máa ń tì í sápá òsì. Gíríìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ń gbé ọwọ́ sún mọ́ tírígà, èyí tó nípọn lẹ́yìn ń tì í jìnnà. Àtẹ́lẹwọ́ tèmi fẹ̀ ṣùgbọ́n ìka mi ò gùn, torí náà gíríìpù tó sanra lẹ́yìn ò bá mi mu láé, bó ti wù kó dùn lọ́wọ́ tó, torí bó bá ti dùn tán ìka mi á máa nà gbalaja wá tírígà, tí mo bá sì yí ọwọ́ kó lè dé ibẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ò ní sí lẹ́yìn gíríìpù tààrà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ìka ẹ̀ gùn gan-an, lórí A2 ìka ẹ̀ ń wọ tírígà dé oríkèé àkọ́kọ́, MIAD ti Magpul tó ṣeé pààrọ̀ ẹ̀yìn àti iwájú ẹ̀ ló gbà á, ó fi ẹ̀yìn tó nípọn sí i, ọ̀rọ̀ parí. Tí ẹ bá gba gíríìpù òun lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e fún mi, ìyà ló máa fi jẹ mí, bẹ́ẹ̀ gíríìpù dáadáa ni.

Ìdí yẹn náà ni mi ò fi fẹ́ràn gíríìpù tí wọ́n ti gbẹ́ àyè ìka sí níwájú. Ó dà bí ẹ̀rúkọ́ tí ọwọ́ ẹlòmíì ti jẹ wọlé, tí ọwọ́ yín bá bá ti onítọ̀hún dọ́gba ẹ máa gbádùn ẹ̀, tí kò bá bá a dọ́gba, òkè tó wà láàárín àyè méjì ló máa bọ́ sábẹ́ egungun ìka yín, ibẹ̀ ló sì máa wà títí. Ìkókó tó wà lórí A2 yẹn gan-an, àìmọye èèyàn ló ti fi fáìlì ha á kúrò, mi ò bá wọn jà.

Kí n yára fi kan àlàfo tó wà lẹ́yìn irin tó yí tírígà ká, níbi tí irin yẹn ti pàdé gíríìpù. Lórí A2, ẹ̀gbẹ́ ìka àárín máa ń wọ ibẹ̀, ìbọn tó bá sì ń sọ lemọ́lemọ́ á máa bó o láwọ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ gíríìpù òde òní ti bo ibẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi bí ìrù kan sókè lẹ́yìn, tó gba àlàfo àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, kí ọwọ́ lè lọ sókè tó bó ṣe lè lọ, kó sì máa lọ síbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìrù yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju bó ṣe rí lójú lọ, torí ẹni tó ń wá ibi kékeré, kí ọwọ́ máa padà síbì kan náà ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ibì kan náà yìí ló gbé wa dé orí pẹpẹ ọwọ́, ìyẹn pèpéle kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ gíríìpù tí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lápá ọmọńdinrín máa ń jókòó lé. PSG1 tí Heckler & Koch ṣe ní Jámánì ní irú ẹ̀, ó ṣeé gbé sókè sódò bí ọwọ́ bá ṣe tóbi tó, ráífù sẹ́mì-ọ́tò sì ni látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọwọ́ máa pẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ergo náà ṣe èyí tó ní pèpéle fún AR. Tó bá jẹ́ orí tábìlì àti orí ilẹ̀ nìkan lẹ ti ń yìnbọn, ó dáa gan-an, ọwọ́ ò ní máa rá bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ò sì ní láti fún nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá máa ń dìde, tẹ́ ẹ̀ ń sáré láti ibì kan dé ibòmíì bíi ti àwọn ìdíje kan, ó máa ń dí ọwọ́ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yára dì í mú. Kẹ́ni tó ń lo ọwọ́ òsì ṣọ́ra náà, torí àwọn tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kún àtẹ́lẹwọ́, ti ọwọ́ ọ̀tún ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àtàǹpàkò ńkọ́? Lórí ìdúró, ó máa ń yí gíríìpù po dé òdìkejì. Nílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn dáadáa kì í jẹ́ kó sọdá, ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e lé jẹ́jẹ́, torí àtàǹpàkò tó bá ti sọdá máa ń fẹ́ fún, tó bá sì fún, á yí ìbọn. Ìka mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló máa fa ráífù wọ èjìká tààrà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń gbé Califóníà, torí òfin ibẹ̀ ka gíríìpù tó yọ sísàlẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ wà lára sẹ́mì-ọ́tò kan báyìí, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wáyé ní 1994 náà kà á mọ́ ọn kó tó parí ní 2004. Ìyẹn làwọn kan níbẹ̀ fi ń lo gíríìpù tó ní abẹ̀bẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn kí àtàǹpàkò má lè yí i po. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi àtàǹpàkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní pàdánù púpọ̀. Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù o.

Lórí ohun tí wọ́n fi ṣe é, mo ní èrò tèmi. Rọ́bà bíi ti Hogue máa ń di ọwọ́ mú, ó ń gba díẹ̀ lára bí ìbọn ṣe ń tini, òógùn kì í jẹ́ kó yọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò jẹ̀bi. Àmọ́ ibi tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà lórí rọ́bà ló máa lẹ̀ mọ́, awọ ọwọ́ ò ní lè sún kúrò níbẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ bá yí díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dì í mú, yíyí yẹn ló máa bá yín dé ìparí. Ike líle tí ara ẹ̀ rí ṣákáṣàka díẹ̀ ni mo yàn, ọwọ́ lè sún lórí ẹ̀ títí ó fi máa rí ààyè ẹ̀, ó wá dúró. Kó má ṣáà le bí àgbá, torí tí ṣákáṣàka yẹn bá ń gún yín, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un láìmọ̀.

Bí mo ṣe ń dán an wò rèé. Mo kọ́kọ́ rí i pé ìbọn ṣófo: magasíìnì jáde, mo fa irin sẹ́yìn, mo fi ojú wo inú ihò ọta, mo tún fi ìka kàn án, kò gbọ́dọ̀ sí ọta kankan nínú yàrá yẹn. Mo wá dojúbolẹ̀ sẹ́yìn ráífù bí mo ṣe máa ṣe gan-an, mo dijú, mo gbé ọwọ́ lé gíríìpù láìwá ibì kankan, mo jẹ́ kó jókòó bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà ni mo la ojú wo ibi tí ìka ìlábẹ̀ bọ́ sí. Tí kò bá bọ́ síbi tírígà fúnra ẹ̀, tó jẹ́ pé mo ní láti ṣe àtúntò ọwọ́, gíríìpù yẹn ti kùnà, bó tiẹ̀ dùn lọ́wọ́ bí oyin. Tó bá bọ́ síbẹ̀, mo ń fa tírígà lófìfo, mo ń wo àgbélébùú inú awò bí hámà ṣe ń já. Tó bá ń fò sápá kan náà ní gbogbo ìgbà, mo ti mọ ibi tí ìka ti ń tì í. Mo máa ń pẹ́ nílẹ̀ dáadáa, torí gíríìpù kì í sọ òótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí ọwọ́ bá ti ń rẹ̀ yín, ṣé ó ṣì wà níbi tó wà? Tírígà ológun AR, ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un jẹ́ pọ́n-ùn 5.5 sí 9.5, tírígà Geissele SSA-E tó jẹ́ onípele méjì (ẹ máa fà á dé ibì kan tó ti le kó tó já) jẹ́ pọ́n-ùn 3.5. Tírígà fúyẹ́fúyẹ́ á bo gíríìpù burúkú láṣìírí díẹ̀, èyí tó wúwo á tú u fó. Torí náà tó bá jẹ́ tírígà wúwo lẹ ṣì ń lò, gíríìpù lẹ nílò jù.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, síkúrù kan ṣoṣo ló dì í mú lórí AR, 1/4-28, ìsàlẹ̀ inú gíríìpù lẹ ti máa rí i. Ẹ yí ìbọn kó dorí kodò kẹ́ ẹ tó tú u. Lókè gíríìpù, lápá ọ̀tún, ihò tóóró kan wà tí sípíríìnì tín-ín-rín jókòó sí, òun ló ń ti irin ṣóńṣó kékeré tó ń di sééfútì mú, ìyẹn ohun tá a máa ń yí kí tírígà má lè yin ìbọn. Ẹ fa gíríìpù kúrò tààrà, jẹ́jẹ́, ẹ má yí i, sípíríìnì yẹn lè fò, ó sì kéré débi pé ẹ lè má rí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń dá tuntun padà, ẹ fojú sin orí sípíríìnì wọ inú ihò tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti gíríìpù wọlé, torí tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sééfútì á máa le tàbí kó máa rọ̀ jọwọrọ. Síkúrù tó bá gíríìpù wá ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó bá gùn jù lè yọ sínú ibi tí tírígà ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ yí sééfútì lọ bọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàkàṣàkà, kẹ́ ẹ gbé e sí ipò ààbò kẹ́ ẹ fa tírígà, hámà ò gbọ́dọ̀ já.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé e lọ yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 100, kẹ́ ẹ yẹ ibi tí ọta ń bà wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan awò. Ó lè ti sún díẹ̀, torí ọwọ́ tó ń fa tírígà ti yàtọ̀. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan míì lára ìbọn lásìkò yẹn, kì í ṣe ọta, kì í ṣe ìdí ìbọn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé gíríìpù ló ṣe ohun tẹ́ ẹ bá rí.